Ẹ̀yin ìjọba, owó tẹ́ ẹ ń yọ lórí owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ yín, ibo lẹ ń kó o lọ gan-an?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ yìí jáde kó má baà bẹ́ mọ́ mi nínú. Oṣooṣù tí áláàtì bá ti wọlé, tí mo bá wo péésílíìpù mi, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ rekete: owó orí, wọ́n ti yọ ọ́, owó NHF tó wà fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, wọ́n ti yọ ọ́, owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, owó cooperative, owó péńṣàn, wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀ kí n tó fojú kan kọ́bọ̀. Wọn kì í gbàgbé láé. Owó oṣù fúnra ẹ̀ lè pẹ́ o, àmọ́ tó bá ti kan owó yíyọ, ìjọba wa já fáfá.

Ó wá ṣe jẹ́ tówó péńṣàn yẹn ò dé ọ̀dọ̀ PFA, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú owó péńṣàn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba státímẹ́ǹtì RSA mi, ìyẹn àkáǹtì péńṣàn mi lọ́dọ̀ wọn ni, òun ló bí mi nínú tó báyìí. Oṣù kan á wọlé, òmíì á ṣófo, òmíì á tún ṣófo, ó wá dà bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ péésílíìpù gbogbo oṣù yẹn wà lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ ọ́!

Òfin péńṣàn Nàìjíríà ti 2014 ò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Òṣìṣẹ́ á mú ìdá 8 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ wá, ẹni tó gbà á síṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù kó tó dé ibi tó ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó ìtanràn wà ńbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan á ní òfin tiwọn làwọn ń lò, ó dáa, tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣetán, kí lẹ wá ń yọwó lọ́rùn èèyàn sí? Ẹ jẹ́ ká kàn fi ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n ṣòfin ẹ̀ ní 2024, ṣírò: ₦5,600 tèmi, ₦7,000 tiwọn, ₦12,600 lóṣù, ₦151,200 lọ́dún kan ṣoṣo. Owó tí ò bá dé ọ̀dọ̀ PFA ò lè bímọ. Ìgbà tí wọ́n bá wá rántí san án, iye yẹn náà ni wọ́n á san, ọjà ò sì ní dúró dè wọ́n.

Ti cooperative ló wá burú jù lójú tèmi. Ìyá kan ní ọ́fíìsì wa fẹ́ yáwó sanwó ilé ìwé ọmọ, wọ́n ní kò sówó, pé ìjọba ò tíì fi owó tí wọ́n yọ ránṣẹ́. Àwọn tó ti yáwó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń yọ ọ́ lórí owó oṣù wọn, àmọ́ nínú ìwé cooperative, gbèsè ṣì wà lọ́rùn wọn, èlé ń gorí èlé, wọ́n á wá kọ lẹ́tà sí onídùúró tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ta lẹni tó jẹ gbèsè gan-an? Tó o bá lọ bá akáńtà, á ní kó o lọ kọ lẹ́tà wá, lẹ́tà á wọnú fáìlì, ó parí nìyẹn.

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń pariwo owó oṣù tuntun lójoojúmọ́, mi ò gbọ́ ohùn wọn lórí èyí. Ẹ kúkú mọ̀ pé tọ́jọ́ bá pé, tó o pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó o ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní kó o ṣì dúró ná, ilé yá. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé káwọn fi bọ́ǹdì yá ₦758 bílíọ̀nù láti fi san gbèsè péńṣàn tó ti ń gorí ara wọn, àwọn àgbàlagbà ti ń tòògùn lórí ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí mo ń bi yín ò le. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó tẹ́ ẹ bá yọ lórí péésílíìpù, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣèyẹn, ẹ kó owó mi fún mi lódindi, mo mọ̀nà ọ́fíìsì PFA, máa lọ san án fúnra mi!