Oòrùn kọ́ ló ń fa yínrùnyínrùn

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, pé oòrùn tó ń mú yìí ló ń fa yínrùnyínrùn (meningitis), àti pé bí ọrùn ọmọ bá le, kí ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi òrí pa á lọ́rùn, irọ́ ni.

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, bákítéríà tàbí fáírọ́ọ̀sì ní pàtàkì. Awọ mẹ́ta ló bo ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn, ìyẹn okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Àwọn ni kòkòrò náà ń mú wú. Ibẹ̀ ni ọrùn líle ti ń wá. Kí ni òrí fẹ́ bá a ṣe? Lóòótọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lókè Ọya, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń ha ọ̀nà ọ̀fun, kòkòrò á sì rọ́nà wọlé.

Ohun tí ohùn yẹn kò sọ ló le jù: ọrùn ọmọ jòjòló lè má le rárá. Ẹ wo àwùjẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú, bóyá ó kọ ọmú, bóyá oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀.

Àwọn dókítà lè fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn náà ni. Ẹ má bẹ̀rù arọ o, ìsàlẹ̀ ibi tí ògóóró ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ń gún. Àjẹsára náà sì wà: Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo àjẹsára tí wọ́n ń pè ní Men5CV lágbàáyé, ní oṣù kẹrin ọdún 2024.