Ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí update fíláàṣì fóònù yín

Èrò ọkàn mi rèé o, mo sì fẹ́ kó dé etí gbogbo ẹni tó ń gbé fóònù lọ fún àwọn ẹnjiníà ní Sábó, ní Garage, ní Agric, títí dé Odógùnyàn: tí fóònù bá ṣe update tán tó wá ń ṣe ségesège, fíláàṣì, ìyẹn kí wọ́n pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ kí wọ́n sì tún sístẹ́ẹ̀mù ẹ̀ fi sí i, kọ́ ló kàn. Òun kọ́ rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní Ìkòròdú wa níbí, ẹjọ́ yòówù kẹ́ ẹ gbé dé ìdí tábìlì àwọn kan, bátìrì ń tètè gbẹ ni o, WhatsApp ò dún mọ́ ni o, nẹ́tíwọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀ ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn, "Mummy, àfi ká fíláàṣì ẹ̀", owó á kúrò lọ́wọ́, fótò ọmọ á lọ, fótò ìsìnkú bàbá á lọ, nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà á lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé ohun tó gbé fóònù débẹ̀ lè jẹ́ nǹkan tí restart lásán máa yanjú. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ jàre.

Mi ò bú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni o. Àwọn tó mọṣẹ́ wà láàárín wọn gan-an, mo ti rí ọmọkùnrin kan ní Sábó tó fi irin tín-ín-rín yọ ojúhò ṣájà tó ti jóná, tó jó òmíràn mọ́ ojú ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó yòówù tó bá gbà tọ́ sí i. Àmọ́ nǹkan tó fọ́ nìyẹn. Ohun tí update bá dá sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan kan tó fọ́ ńbẹ̀, inú Settings ni ọ̀rọ̀ wà, ẹni tó ni fóònù ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń já èèyàn láyà jù. Ẹ ṣe update lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, fóònù gbóná, bátìrì tó máa ń bá yín dé alẹ́ ti wọ pupa kí ọ̀sán tó pọ́n. Fóònù yẹn ò tíì bàjẹ́. Lẹ́yìn update ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni, ó ń tún àwọn áàpù tò kí wọ́n lè bá sístẹ́ẹ̀mù tuntun mu, ó ń yẹ fótò yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè máa rí wọn tẹ́ ẹ bá ń wá wọn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun tí ẹrù ṣì wà nílẹ̀ ló rí. Apple gan-an sọ ọ́ fún àwọn tó ń lo iPhone pé bátìrì lè máa tètè lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn update. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí méjì. A mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ládùúgbò wa, torí náà tí wọ́n bá mú un dé lóru, ẹ gbé e sí ṣájà, tí Wi-Fi bá wà ẹ so ó mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó parí iṣẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì restart ẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, mo mọ̀, àmọ́ àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé láti oṣù dé oṣù wọn kì í pa fóònù wọn, àfi tí bátìrì bá kú. Tó bá há pátápátá tí gíláàsì ò gbọ́ ọwọ́ mọ́, lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ di bọ́tìnnì tá a fi ń tàn án mú pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ fọ́lúùmù títí á fi kú tá á sì tan ara ẹ̀ padà. Lórí iPhone 8 àtàwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ẹ tẹ fọ́lúùmù òkè kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá di ti ẹ̀gbẹ́ mú títí àmì Apple á fi yọ. Fótò kan ò ní lọ.

Àyè inú fóònù tún ńkọ́? 32GB, 64GB ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, sístẹ́ẹ̀mù fúnra ẹ̀ ti jẹ lára ẹ̀, update tuntun tún wá fẹ́ àyè sí i, bẹ́ẹ̀ WhatsApp ti kó fídíò gúrúùpù ìdílé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àsàlátù, ti lándìlọ́ọ̀dù àdúgbò, gbogbo "ẹ káàárọ̀ o, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá" pọ̀ sínú ẹ̀. Fóònù tí ò rí ibi mí, dandan ni kó máa há. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ lọ sí "Storage and data", lẹ́yìn náà "Manage storage", àwọn tó tóbi jù ló máa kọ́kọ́ yọjú, ẹ pa èyí tẹ́ ò nílò rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wọ Play Store lọ update àwọn áàpù, torí áàpù àtijọ́ àti sístẹ́ẹ̀mù tuntun, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra yé. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, káàkiri ayé ni áàpù ń ṣàdédé pa dé lórí Android, Gmail pàápàá ò gbẹ́yìn, ọ̀pọ̀ rò pé fóònù àwọn ti bàjẹ́. Ohun kékeré kan tó ń jẹ́ Android System WebView ló gba update tí ò dáa, òun ni àwọn áàpù fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn. Google tún un ṣe kíá, ohun tó kù fún èèyàn ò ju kó update WebView àti Chrome nínú Play Store. Ẹni tó bá ti sáré fíláàṣì tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kàn fi ẹrù ẹ̀ ṣòfò ni, torí kì í ṣe ara fóònù ni àrùn náà wà.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Ìta Ẹlẹ́wà. Ọmọ wọn wà ní Kánádà. Láti ìgbà tí fóònù wọn ti ṣe update, ọmọ á pè lórí WhatsApp, kò ní dún, àfi tí màmá bá fọwọ́ ara wọn ṣí i ni wọ́n á tó rí i pé ó ti pè pè pè. Ọmọ ti ń bínú, ó ń rò pé màmá ò fẹ́ gbé ìpè òun. Wọ́n ti bá ẹnì kan dúnàádúrà fíláàṣì tán, ọ̀la ló kù. Mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó ná." Wọ́n fi ìdí ìró nu òróró ẹja kúrò lójú ẹ̀, wọ́n nà án sí mi. A wọ Settings, a wọ Apps, a tẹ WhatsApp, a tẹ Battery, a bá a níbi tí wọ́n kọ "Restricted" sí, ìyẹn ni pé tí wọn ò bá ti wo WhatsApp, fóònù á tì í mọ́lé kó má baà jẹ bátìrì. A yí i sí "Unrestricted". A wo Notifications, òun náà wà ní pípa, a tàn án. Mo ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì ẹja kí iná ojú ẹ̀ kú, mo fi tèmi pè é. Ó dún. Màmá ní "Háà! Ohun tí wọ́n fẹ́ gba owó mi sí náà rèé?" Nínú fóònù yẹn ni fótò ìwé àwọn tó jẹ wọ́n lówó wà, gbogbo ẹni tó gbẹja láwìn látọdún tó kọjá. Tí wọ́n bá ti fíláàṣì ẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá?

Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ẹ tan Airplane mode kẹ́ ẹ tún pa á, ẹ yọ síìmù kẹ́ ẹ tún un fi. Tí dátà ò bá ṣì wọlé, "Reset network settings" wà, pásíwọ̀ọ̀dù Wi-Fi, Bluetooth tẹ́ ẹ ti so mọ́ ọn àtàwọn ètò nẹ́tíwọ̀kì míì ló máa lọ, kò ní fọwọ́ kan fótò. Àmọ́ ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni "Erase all data" máa ń wà, òun náà á sì pa gbogbo nǹkan rẹ́ bíi fíláàṣì tá à ń sá fún gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Clear cache" ò léwu, pàǹtírí ló ń kó, ṣùgbọ́n "Clear data" tàbí "Clear storage" lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ẹni tí ò bá ní backup, ìyẹn ẹ̀dà tó fi pa mọ́ síbòmíì, lè pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti bá èèyàn sọ. Mo ti rí ẹnjiníà tó tẹ̀ ẹ́ láì béèrè.

Tí gbogbo ẹ̀ ò bá gbọ́, Safe mode. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ di bọ́tìnnì tá a fi ń pa á mú, tí "Power off" bá yọ, ẹ di òun náà mú títí "Safe mode" á fi jáde. Níbẹ̀, gbogbo áàpù tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbà sílẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́. Tí fóònù bá wá ń ṣe dáadáa, a jẹ́ pé áàpù kan ló ń dà á láàmú, ẹ restart kẹ́ ẹ padà síta, ẹ máa yọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí èyí tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn. Àwọn áàpù owó yíyá àti áàpù "phone cleaner" yẹn, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà míì sì rèé, bátìrì tó ti gbó ni, update kàn bá a lójú ọ̀nà ni. Oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple fẹnu ara ẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, update òun ń fa àwọn iPhone àtijọ́ bí iPhone 6 àti 6s sẹ́yìn, torí bátìrì tó ti gbó ò lè gbé iṣẹ́ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, fóònù á kàn kú lójijì. Wọ́n dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 fún ọdún 2018, wọ́n sì fi ibi téèyàn á ti máa wo ìlera bátìrì sínú iOS 11.3, ìyẹn sístẹ́ẹ̀mù iPhone. Inú bí àwọn èèyàn sí wọn pé wọn ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì tọ́ kó bí wọn, nígbà tó di 2020 wọ́n gbà láti san owó tó lè tó mílíọ̀nù 500 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹjọ́ ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé bátìrì tuntun gidi ló yí fóònù wọn padà. Ẹni tó ní iPhone àtijọ́ tó ń falẹ̀, ẹ wo "Battery Health" kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan kan rẹ́.

Ọ̀rọ̀ Gmail ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Àìmọye èèyàn ló ra fóònù ní Garage tó jẹ́ pé ọmọ tó tà á ló ṣí Gmail ńbẹ̀ fún wọn, ó fi orúkọ tó wá sí i lọ́kàn, ó fi pásíwọ̀ọ̀dù tó wù ú, ó ní "Daddy, ó ti ṣe tán", ó parí. Látorí Android 5.1, ní 2015, ààbò kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ látẹ̀yìn, láì gba inú Settings, fóònù á ní kẹ́ ẹ mú Gmail tó ti wà lórí ẹ̀ wá kí òun tó ṣí. Torí àwọn olè ni wọ́n ṣe ṣe é, ó sì dáa. Àmọ́ ẹni tí ò mọ Gmail ara ẹ̀ wá di olè lójú fóònù tó fowó ẹ̀ rà. Wọ́n á fíláàṣì, á ní kẹ́ ẹ wọlé, kò sẹ́ni tó mọ pásíwọ̀ọ̀dù, owó míì á tún jáde. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, lónìí yìí, ẹ gba fóònù àwọn òbí yín, ẹ wo Gmail tó wà ńbẹ̀, tẹ́ ò bá mọ pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ ẹ yí i padà nígbà tí fóònù ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan nílé, kẹ́ ẹ tan backup Google Photos àti ti WhatsApp.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ò ní ṣe update mọ́ láyé. Ìyẹn náà ò dáa o, pàápàá ẹni tí áàpù báńkì wà lórí fóònù ẹ̀. Ní 2015 wọ́n rí àlèébù kan nínú Android tí wọ́n ń pè ní Stagefright, fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà èèyàn lásán lè ṣílẹ̀kùn fóònù ẹ̀ fún ọ̀daràn. Ọdún yẹn ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Ẹ ṣe é, àmọ́ inú Settings ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe èyí tó bá fò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "fóònù yín ti ní kòkòrò, ẹ tẹ ibí", ẹ má tẹ ìyẹn rárá.

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé fíláàṣì yá, kọ́sítọ́mà pọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ béèrè Gmail, ẹ kó fótò wọn sórí kọ̀ǹpútà tàbí mẹ́mórì, kẹ́ ẹ sọ fún màmá yẹn lédè tó yé wọn pé gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ ló máa lọ. Tí wọ́n bá wá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.