Ta ló ní àgbà ò lè gbàṣẹ lẹ́nu ọmọdé?

Wọ́n tún ti gbé e dé o. Lórí WhatsApp àdúgbò wa ní Kabba, ẹnì kan ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹni tí ò tíì pé ogójì ọdún ṣe mánéjà, pé àṣà Yorùbá ò gbà á, àwọn àgbà ò ní gbọ́ sí i lẹ́nu. Àṣà wo? Ṣé èyí tí bàbá arúgbó fi ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọba tí ò ju ọmọ ọmọ ẹ̀ lọ? Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹni tó ti níyàwó nílé ń pe ọmọ kékeré ní ọ̀gá, torí ọmọ yẹn ti gba fírídọ̀mù kóun tó dé.

Èmi náà ti ṣe súpáfáísọ̀ ní sítọ̀ kàṣú, Okun, Ẹ̀bìrà, Ìgalà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jù mí lọ dáadáa. Ìjà pọ̀ o, àmọ́ kì í ṣe tọjọ́ orí. Akọ̀wé máa ń kẹ́yìn sáwọn èèyàn tó bá ń wọn àpò, á wá kọ iye tó wù ú sínú ìwé tẹ́nì kankan ò rí. Bàbá Ẹ̀bìrà kan wà tó máa ń ju àpò sílẹ̀ gbì tó bá ti rí mi, á tún pòṣé. Mo yí ojú ìwọ̀n síta, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa kà á sókè." Bó ṣe parí nìyẹn. Tí mo bá ní àpò yìí ṣì tutù, ó máa hu, ẹ lọ sá a, á gbé e lọ sóòrùn láìjanpata. Èmi yìí náà ṣì ni mò ń pàṣẹ.

Wọ́n tún ń mú Hofstede wá, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands tó ṣèwádìí lórí àṣà níbi iṣẹ́, pé ó ti rí i pé àwa fẹ́ràn ọ̀gá tó le. Àwọn òṣìṣẹ́ IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló bi léèrè láàárín 1967 sí 1973, ó wá da Nàìjíríà, Gánà àti Sàró pọ̀ sójú kan. Kí ló kan alábàárù kàṣú ní Kabba níbẹ̀?

Àwọn kan wà ṣá tí ò ní gbà, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ àbúrò wọn ló ń pàṣẹ, mi ò jiyàn ìyẹn. Kí wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka míì, ó tán.