Ìyàn Ireland ò tíì kúrò nínú itẹ́ òkú wọn

Èrò ọkàn mi rèé o. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìyàn tó mú ní Ireland láti 1845 sí 1852, iye èèyàn tó kú ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, pé ó tó mílíọ̀nù kan, pé ó lé ní mílíọ̀nù kan míì tó sá kúrò nílùú, òótọ́ sì ni. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyàn yẹn bàjẹ́, kó wo bí wọ́n ṣe sin òkú.

Ẹ wo ìlú Skibbereen ní Cork, ní Ireland níbẹ̀. Ní itẹ́ òkú Abbeystrewry, èèyàn bíi 8,000 sí 10,000 ni wọ́n dà sínú kòtò ńlá, láìkọ orúkọ wọn síbì kankan. Pósí wọ́n débi pé wọ́n kan èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń ṣí bí ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé òkú dé etí kòtò, wọ́n á ṣí i, òkú á já bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n á tún gbé pósí yẹn padà lọ gbé ẹlòmíì. Àwọn yìí náà ló máa ń ṣe àìsùn òkú mọ́jú o, tí àwọn obìnrin á máa dárò lórí òkú ní èdè Irish! Ebi ò jẹ́ kí wọ́n rójú ṣe é mọ́, arò yẹn ò sì padà sí bó ṣe wà látijọ́.

Èyí tó tún wá ká mi lára jù wà ní Grosse Île ní Kánádà, erékùṣù tí wọ́n ti máa ń dá àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi dé dúró nígbà yẹn nítorí àìsàn. Ó ju 5,000 èèyàn lọ tí wọ́n sin síbẹ̀ ní 1847 nìkan. Lọ́dún 1909 àwọn ọmọ Irish gbé àgbélébùú òkúta ńlá kan síbẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí i lára ní èdè mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní torí kí ìgbàgbọ́ wọn má bàa bọ́ ni wọ́n ṣe fara da ebi tí wọ́n sì filé sílẹ̀, kí ibà tó pa wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ ní Irish ò fọ̀rọ̀ bò rárá, ó ní òfin àwọn àjòjì aninilára ni wọ́n ń sá fún, àti ìyàn àfọwọ́fà. Àrùn ló ba pòtétò tí wọ́n gbójú lé jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń jáde ní Ireland lọ sí England tó ń ṣèjọba lé wọn lórí lásìkò tébi ń pa àwọn tó gbìn ín, ká má parọ́.

Ìyàn yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èdè Irish lọ pẹ̀lú àwọn tó kú, torí agbègbè tí wọ́n ti ń sọ ọ́ jù ló ti jà jù, àwọn tó ṣẹ́ kù wá gbájú mọ́ kíkọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ́mọ lè rọ́nà gbà lọ sí Amẹ́ríkà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ọmọ-ọmọ wọn tó bá dé Grosse Île lónìí, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n á lè kà. Tó bá jẹ́ tèmi ni, èyí tí wọ́n kọ ní Irish yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa túmọ̀ fún wọn.