Bátì kíríkẹ́ẹ̀tì tó wúwo kọ́ ló ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Àbújá níbí: wọ́n ní bí bátì, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ṣe máa jìnnà tó. Àwọn òbí gbà á gbọ́, àwọn tó ń ta ohun eré ìdárayá ń fi polówó ọjà, àwọn ọmọ náà sì ti gbé e sórí. Wọ́n á gbé bátì sókè ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Èyí ní agbára," wọ́n á sì kówó sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ń dùn mí, nítorí bátì gidi kan lè gbé owó oṣù ẹlòmíì lọ pátápátá.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bátì bá pàdé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọkùnrin fi ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì wà láàárín gíráàmù 156 sí 163. Bátì àgbàlagbà tó mọ níwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.1 sí 1.2. Bátì ti fi bí ìlọ́po méje wúwo ju bọ́ọ̀lù lọ nìyẹn. Tí ẹ bá tún fi gíráàmù 150 kún un, díẹ̀ báyìí ló máa fi kún eré bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ ni bí bátì ṣe ń yára bọ̀ nígbà tó bà á, àti bóyá àárín bátì ló bà á tàbí etí. Gíráàmù 150 yẹn gan-an ló sì máa fa ọwọ́ yín sẹ́yìn.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Pitch, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá a, jẹ́ yáàdì 22 ní gígùn, mítà 20 ó lé díẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ ní kìlómítà 120 ní wákàtí kan, àkókò tí ẹ ní kò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá àti díẹ̀ lọ láti rí i, láti mọ ibi tó máa balẹ̀ sí, láti gbé ẹsẹ̀, kí ẹ tó mú bátì wá. Ẹni tí bátì wúwo mọ́ lọ́wọ́ á pẹ́ dé. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó kọjá ààlà á kan etí bátì, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wicket, ìyẹn igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Tí àlàyé bá dé ibí yìí, ẹnìkan á ní: Tendulkar, gbajúgbajà agbákíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ India, ńkọ́? Òótọ́ ni pé bátì Sachin Tendulkar ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ, ìyẹn ju kìlógíráàmù 1.36 lọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń fi bátì ńlá ṣeré, ìsàlẹ̀ èèkù ló máa ń dì mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ọn kó tó di ẹni tí ayé mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀rí, kó fi ti Don Bradman ará Australia tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bátì tí Bradman ń lò kò tó pọ́n-ùn méjì àbọ̀, síbẹ̀ ìpíndọ́gba run (àmì ayò) rẹ̀ nínú Test, ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, jẹ́ 99.94, kò sì sẹ́ni tó tíì sún mọ́ ọn nínú àwọn tó ti gbá a pẹ́. Nílé wa níbí náà, ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19, tí wọ́n na New Zealand ní Malaysia ní oṣù kìíní 2025. Run 65 péré ni wọ́n kó jọ nínú over 13 (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni over kan), run méjì ni wọ́n sì fi borí. Iye yẹn kì í ṣe ti àwọn tó ń fọ́ bọ́ọ̀lù sórí òrùlé. Run kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sá láti orígun kan dé èkejì ló gbà wọ́n là.

Mo rí ọ̀gbẹ́ni kan ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọgbà pápá ìṣeré Moshood Abiola, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátì tuntun fún ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ òsì nìkan gbé e." Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ náà ń lò, nítorí náà ọwọ́ òsì ló máa ń wà lókè èèkù. Ó dì í mú, ó na bátì síwájú gbọọrọ. Kò pẹ́ tí orí bátì fi ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ìhà. Bàbá rẹ̀ ní, "Àbúrò, ó máa mọ́ ọn lára." Ara rẹ̀ máa mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣà burúkú lara máa mọ́: á máa fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ fa gbogbo bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní lè gbá èyí tó tọ́ níwájú rẹ̀ gbọọrọ láé. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Èmi kò mọ ìdánwò mìíràn tó dára tó ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ òkè nìkan gbé bátì, ẹ mú un lọ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ kà dé mẹ́wàá. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ gbé e padà sórí káńtà. Bátì méjì lè jẹ́ ìwọ̀n kan náà lórí òṣùwọ̀n kí ọ̀kan fúyẹ́ lọ́wọ́ ju èkejì lọ, nítorí ibi tí igi ti pọ̀ jù lára wọn kò dọ́gba. Èyí tí igi rẹ̀ pọ̀ sí ìsàlẹ̀ máa ń fa ọwọ́ lọ sílẹ̀. Ẹ sì mú òṣùwọ̀n kékeré tí ẹ fi ń wọn báàgì kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú dání, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kò lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.

Mi ò ní kí ẹ lọ ra èyí tó fúyẹ́ bíi páálí o. Bátì tó fúyẹ́ jù á máa yí lọ́wọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti bà á. Èyí tó wúwo jù tí ẹ ṣì lè gbé láìjanpata, tó sì ń yí padà bí ẹ ṣe fẹ́, òun ni tiyín.

Ti àwọn ọmọdé tún wá burú sí i, nítorí "á dàgbà bá a" tí a fi ń ra bàtà ni a fi ń ra bátì. Bátì ọmọdé ní sáìsì, láti 1 dé 6, lẹ́yìn náà Harrow, kó tó kan ti àgbàlagbà. Ọmọ tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì kan, sáìsì 6 ló yẹ ẹ́.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ bátì wíwúwo yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró? Lójú tèmi, ọjà ló mú un wá. Igi wílò ni wọ́n fi ń ṣe bátì, oríṣi méjì ló sì gbajúmọ̀: ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kashmir. Ti Kashmir le, ó wúwo, owó rẹ̀ sì kéré, òun ló sábà máa ń wà nílẹ̀ níbí. Ọlọ́jà kò ní sọ pé ọjà òun wúwo nítorí irú igi tó jẹ́. Á ní agbára ni. Bí ti Kashmir bá lowó yín ká, kò sí ìtìjú níbẹ̀, pàápàá fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ tàbí tó ń fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì gbá a nínú ẹ́sítéètì. Ẹ sáà mú èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn.

Bí owó bá gòkè díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Grade 1, ìpele igi bátì tí wọ́n ń kà sí èyí tó ga, fọ́ yín lójú. Ẹwà igi ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ Grade: bóyá ìlà ara rẹ̀ tọ́, bóyá àmì pupa tàbí àbàwọ́n wà lára rẹ̀. Àbàwọ́n kì í dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Grade 3 ti wílò Gẹ̀ẹ́sì tó bá yín lọ́wọ́ mu sàn ju Grade 1 tó ń fa apá yín ya. Iye ìlà náà ńkọ́? Bátì onílà púpọ̀, igi tó dàgbà ni. Ó sábà máa ń tètè dùn ún gbá, ó sì lè tètè sán. Onílà díẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́jọ́. Ẹni tí kò lówó bátì méjì lọ́dún, onílà díẹ̀ ni kó mú.

Etí tó nípọn náà ń tan èèyàn jẹ. Láti 2017 ni òfin ti ní kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 40 lọ. Bí ẹ bá rí bátì tó tóbi rabata tó tún fúyẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbẹ omi ara igi náà jù, kí ó sì tètè là.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ yìí kan àwa tí a wà ní apá Àríwá gan-an. Ọyẹ́ máa ń fa omi ara igi tán. Tí Oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ẹ má fi bátì sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò, ẹ fi epo linseed fẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀, ẹ má kan ibi tí èèkù ti wọ inú igi. Bátì tuntun tó máa pàdé bọ́ọ̀lù aláwọ, ẹ kọ́kọ́ fi òòlù onígi lù ú jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lápapọ̀, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Níbi tó sì jẹ́ pé kọnkéré tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ni pitch, ẹ lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ bátì kó tó jáde nílé rárá.