Mo Kọ Ọkọ, Fóònù Kò Gbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí inú mi má baà bẹ́. Oṣù 5 rèé tí kóòtù ìbílẹ̀ ti tú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ká. Adájọ́ fọwọ́ sí i, akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé e, mo san owó ìwé, mo gbé àpótí mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí n tó lè fi fótò léèsì tuntun sí péèjì tí mo fi ń tajà, ohun tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ni Ifemi2011. Ìfẹ́ mi! Ọdún tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ! Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, mo ní láti pe ọkùnrin yẹn ní ìfẹ́ mi kí n tó lè ta ọ̀pá aṣọ kan. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé kí n lọ yí páásíwọọ̀dù padà. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Bí mo bá ti débi tí wọ́n ti ń yí i, wọ́n á ní kò burú, àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 47. Ta ló ni 47? Òun náà ni. Òun ló bá mi ṣí péèjì náà ní ọdún 2016, nígbà tí mo ṣì ń gbé aṣọ kọ́ apá láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ímeèlì rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló fi ṣí i, torí fóònù tèmi nígbà yẹn, kò wúlò ju ká fi pe èèyàn lọ. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ fi ẹja òsàn se ẹ̀fọ́ rírò fún un. Ẹ bá mi wá ẹ̀fọ́ yẹn, mo fẹ́ gbà á padà.

Ni mo bá pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín."

"Kóòdù kí ni?"

"Ti péèjì ni."

"Mo wà nínú mítìn. Jẹ́ kí n ráyè."

Kóòdù yẹn kì í pẹ́ tó fi ń kú, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ̀gá ráyè lẹ́yìn wákàtí 3. Ó fi í ránṣẹ́, ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o ti rí i?" Mo rí i. Òkú kóòdù ni mo rí.

Nígbà tí ìyá mi kúrò lọ́dọ̀ ọkọ àárọ̀ rẹ̀, kó tó wá fẹ́ bàbá mi, igbá aṣọ kan, ìkòkò méjì àti ọlọ rẹ̀ ló kó. Ó gbé e karí, ó di ilé wọn. Ọkùnrin yẹn ò lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé àwọn ìyá mi. Èmi ńkọ́? Oṣù kejì tí mo ti kúrò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé WhatsApp mi ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èèyàn lè so ẹ̀rọ 4 mọ́ nọ́ńbà WhatsApp kan, a sì ti so tirẹ̀ mọ́ tèmi láyé ìgbà tó ń bá mi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Mo gbàgbé. Òun ò gbàgbé. Bí mo ṣe mọ̀? Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ṣé èmi ni ahun?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo pè é ní ahun létí, lórí WhatsApp, láago 10 alẹ́. Mo yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ yà sọ́tọ̀, ìyẹn nìkan ló ṣeé yà pátápátá lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo èyí, eré ni. Síìmù ni ọ̀rọ̀ wà.

Òun ló ra síìmù yẹn fún mi nígbà tó ń yí mi lẹ́sẹ̀ po. Nígbà tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé ní 2014, nọ́ńbà síìmù yẹn ni mo fi ṣe é. Òun náà ni báńkì mọ̀, òun náà ni ẹgbẹ́ ọjà mọ̀. Ó wá di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo wa so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á gé e. Ẹ ṣáà rántí èrò ìgbà yẹn, nínú Kòrónà, tí àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà nítorí NIN. Mi ò tíì ní tèmi. Bàbá Ìbejì ní, "Jẹ́ kí n fi tèmi so ó ná. Tó bá yá, a ó yí i padà." Tó bá yá yẹn ò yá mọ́ títí tí ilé fi tú. Nọ́ńbà 11 ni NIN, nọ́ńbà 11 ni BVN, nọ́ńbà 11 ni ti fóònù, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́ pé mo ti kúrò nílé ọkọ.

Mo wá lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníléeṣẹ́ síìmù. Mo tò láti aago 8, wọ́n pè mí ní 11. Ọmọkùnrin kan, ó mọ́ tónítóní, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá ní, "Mọ́mì, síìmù yìí ò sí lórúkọ yín."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló gbé mi wá."

"Ẹni tó wà lórúkọ wọn ló máa wá fúnra wọn, kí wọ́n tẹ̀ka."

"A ti kọ ara wa sílẹ̀, ọmọ mi. Ìwé kóòtù rèé."

Ó gba ìwé náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó rọra fi ìka kan ṣoṣo tì í padà sí mi. "Mọ́mì, kò síbi tí mo lè fi èyí sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kúkú bá Dádì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á gbọ́."

Ẹ bá Dádì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́! Ká ní Dádì ń gbọ́ jẹ́jẹ́, kí ni mo wá lọ ṣe ní kóòtù?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ ra síìmù tuntun o. Ẹni tó bá ń tajà ní ọjà aṣọ Gbági n'Ìbàdàn mọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Ó wà lára pátákó ìsọ̀ mi, ó wà lára ọ̀rá tí mo fi ń di aṣọ, ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ìyàwó ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tí wọ́n máa ń ra aṣọ ẹbí ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kì í pe èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá pè tí kò wọlé, ìsọ̀ tó kàn ni wọ́n ń lọ.

Ẹ sì wo ohun tí a fi ń ṣeré. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a jà lórí owó ilé ìwé. Nígbà tó di ọ̀sán, nẹ́tíwọ̀kì mi dédé lọ. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo yọ síìmù, mo fi etí aṣọ nù ún, mo dá a padà. Pàbó. Ọ̀gá ti lọ ṣe welcome back! Wọ́n gbé nọ́ńbà mi sórí síìmù tuntun fún un, torí lójú wọn, òun ló ni ín. Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, àlàáfíà kò sí. Àwọn tó sanwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni alert ń wọlé sí. OTP, kóòdù báńkì, ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó dá a padà ní Mọ́ńdè, ó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Kí n mọ kí ni?

Lọ́yà tí mo lọ bá gbọ́ ọ tán, ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ fún mi. Ó ní kí n má dán an wò kí n wọ ímeèlì rẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀, torí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ ẹ̀rọ ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Èmi tí wọ́n já wọ ilé mi, èmi ni wọ́n ń kìlọ̀ olè fún.

Kí n sòótọ́ ṣá, ìdè náà ò mú èmi nìkan. Ọkọ̀ tí bàbá yìí máa ń fi fóònù pè, ímeèlì mi ló fi forúkọ sílẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún. Gbogbo rísíìtì ń wọlé sọ́dọ̀ mi. Bódìjà sí Àkóbọ̀, aago 11 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 20. Àkóbọ̀ sí Bódìjà, aago 5 ìdájí. Ta ló bi mí? Mi ò fẹ́ mọ̀! Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó yọ ímeèlì mi kúrò, ó ní òun ò rántí páásíwọọ̀dù. Ifemi2011 ni o, Bàbá Ìbejì!

Ní kóòtù, wọ́n pín ẹrù fún wa. Wọ́n ka àga, wọ́n ka fíríìjì, wọ́n jiyàn lórí jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún kẹta. Mo wá nọwọ́ sókè, mo ní ti péèjì ìtajà àti síìmù ńkọ́. Adájọ́ bojú wo akọ̀wé. Akọ̀wé ní, "Ṣé ohun tó ṣeé gbé ni?" Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n, mo fi sílẹ̀ fún un, kó máa wo bọ́ọ̀lù. Tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ńkọ́? Lójú ẹ̀rọ yẹn, òun nìkan ni òbí. Ọmọ tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi, bó bá fẹ́ fi nǹkan ìṣirò sórí rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní Bódìjà ló ti ń tọrọ àyè.

Mi ò fẹ́ sọ ti fótò, àmọ́ màá sọ ọ́. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ní 2015, inú ímeèlì rẹ̀ ni gbogbo fótò àti fídíò àwọn ìbejì wà. Fídíò kan wà níbẹ̀, bàbá mi ló ń wúre fún wọn, ó fi oyin kan Kẹ́hìndé lẹ́nu, Kẹ́hìndé yọ ahọ́n síta, ó kọ̀ ọ́, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Bàbá mi ti kú. Ohùn rẹ̀ tó kù láyé, ibẹ̀ ló wà. Bàbá Ìbejì ní òun máa dà á sórí flash fún mi. Oṣù 5.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, ṣé ẹ kì í bá aya yín jà níbẹ̀ ni? Mo rí i pé lórí Facebook, èèyàn lè yan ẹni tí yóò máa bójú tó ojú ewé òun bí òun bá kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òkú ní ètò. Ẹni tó kọ ọkọ ni kò ní. Ímeèlì ara mi tí mo tilẹ̀ rí yí, tí mo yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà àtijọ́ ṣì lè gba kóòdù fún ọjọ́ 7, kó má baà jẹ́ pé olè ló yí i. Ọjọ́ 7! Mo sùn ti fóònù yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Mo tún ti tẹ ti péèjì báyìí. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 47. Aago 9 ti kọjá. Bó bá ti jẹun alẹ́ tán, kì í kọjá aago 9 kó tó sùn, bí kò bá sí ní Àkóbọ̀.