Àtúnṣe: Ẹ̀rọ ìkàwé kì í fọ́ni lójú

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri orí WhatsApp ní Ilé-Ifẹ̀, tó ní ẹ̀rọ ìkàwé bíi Kindle (ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń kó ìwé sí láti kà) ń tan iná sójú ẹni ju fóònù lọ, pé ó ń fọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú, àti pé dátà ló fi ń ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú kí ọ̀pọ̀ òbí fi ránṣẹ́.

Àwọn èérún dúdú àti funfun tíntìnnìntín ló wà nínú ojú ẹ̀rọ yìí, tí iná mànàmáná ń gbé sókè sódò láti ya lẹ́tà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tàbí ti gílóòbù la sì fi ń rí wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí ìwé orí bébà. Èyí tó bá ní iná tirẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ni iná náà ti ń tàn sórí ojú ìwé, a sì lè dín in kù. Tábúlẹ́ẹ̀tì Fire, tí ilé-iṣẹ́ Amazon tó ń ṣe Kindle náà ń ṣe, yàtọ̀ o. Ojú fóònù ni tirẹ̀ jọ. Ohun tó sábà máa ń mú ojú gbẹ tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ni kíkàwé pẹ́ láìṣẹ́jú dáadáa.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìkàwé síta nínú oòrùn ọ̀sán ní Lágere kí ẹ fi wé fóònù: ojú fóònù yóò ṣú, ti ẹ̀rọ ìkàwé yóò túbọ̀ hàn. Ní ti dátà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé tó ti wà lórí rẹ̀ yóò ṣì ṣí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn.